Ìgbáradì fún ìdánwò LSAT lórí ayélujára

Ìgbáradì fún ìdánwò LSAT lórí ayélujára jẹ́ ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ olùdíje ń gbà múra sílẹ̀ fún ìdánwò ìwọlé sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ òfin ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà àti Kánádà. Law School Admission Council, tí ìkékúrú rẹ̀ ń jẹ́ LSAC, ni àjọ tí ó ń ṣètò ìdánwò náà. Àjọ yìí kì í ṣe ti ìjọba, kò sì wà fún èrè jíjẹ. LSAT kò bi ẹnikẹ́ni léèrè nípa òfin. Ohun tí ó ń wọ̀n ni bí olùdíje ṣe ń ka ọ̀rọ̀ tí ó ta kókó, bí ó ṣe ń tú ìjiyàn palẹ̀, àti bí ó ṣe ń rí ibi tí àlàyé ti mẹ́hẹ. Nítorí náà, kò sí ìwé kan tí ènìyàn lè há sórí kí ó sì fi yege. Ṣíṣe ìdánwò àtijọ́ léraléra àti yíyẹ àṣìṣe ara ẹni wò ni ìgbáradì rẹ̀ dá lé. Ẹ̀kọ́ orí ayélujára ti mú irú ìgbáradì yìí dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò gbé ní ìlú ńlá àti ẹni tí iṣẹ́ kò jẹ́ kí ó ráyè jókòó ní kíláàsì.

Ipò ìdánwò náà nínú ẹ̀kọ́ òfin

Ní Amẹ́ríkà, ènìyàn kì í ti ilé-ẹ̀kọ́ girama bọ́ sínú ẹ̀kọ́ òfin. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì, èyí tí ó sábà máa ń gba ọdún mẹ́rin, kí ó tó lo ọdún mẹ́ta mìíràn láti gba oyè JD. Kò pọn dandan kí oyè àkọ́kọ́ náà ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú òfin. Ẹni tí ó kọ́ ẹ̀kọ́ ìtàn, ìmọ̀ ẹ̀rọ tàbí orin lè díje bákan náà. Èyí yàtọ̀ sí ti Nàìjíríà, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti lè ṣe ìdánwò UTME, kí ó kọ́ òfin gẹ́gẹ́ bí oyè àkọ́kọ́, kí ó sì lọ sí Nigerian Law School lẹ́yìn náà. Ìdí nìyí tí agbẹjọ́rò tí ó ti gba oyè LL.B. ní Nàìjíríà kì í fi sábà nílò LSAT bí ó bá fẹ́ gba oyè LL.M. ní Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n tí ó lè nílò rẹ̀ bí ó bá jẹ́ oyè JD ni ó ń wá.

Èsì ẹ̀kọ́ yunifásítì àti máàkì LSAT ni nǹkan méjì tí ó wúwo jù nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ òfin bá ń yan àwọn tí yóò gbà wọlé. Ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan tí ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò Amẹ́ríkà, American Bar Association, fọwọ́ sí ni ó gbọ́dọ̀ máa kéde máàkì àárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun rẹ̀ lọ́dọọdún. Máàkì náà wà lára ohun tí a fi ń tò wọ́n ní ipò kìíní, ipò kejì. Nítorí èyí, ọ̀pọ̀ nínú wọn a máa fi owó ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ fa olùdíje tí máàkì rẹ̀ ga mọ́ra. Èsì yunifásítì ti wà nílẹ̀ kí olùdíje tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí yóò wọlé sí, kò sì lè yí i padà mọ́. LSAT nìkan ni ó ṣì wà ní ọwọ́ rẹ̀. Máàkì díẹ̀ sí i lè túmọ̀ sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là tí kò ní yá, ní orílẹ̀-èdè tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ òfin ti ń jẹ gbèsè nítorí owó ilé-ìwé.

Ìtàn

Ní ọdún 1945, Frank Bowles, tí ó ń bójú tó ìgbaniwọlé ní ilé-ẹ̀kọ́ òfin Yunifásítì Columbia, dábàá pé kí ìdánwò kan wà tí yóò ṣe ìrànwọ́ láti mọ ẹni tí yóò ṣe dáadáa ní ọdún àkọ́kọ́ ẹ̀kọ́ òfin. Àwọn aṣojú ilé-ẹ̀kọ́ òfin ṣèpàdé lórí àbá náà ní ọdún 1947, a sì ṣe ìdánwò àkọ́kọ́ ní oṣù Kejì ọdún 1948. Láti ìbẹ̀rẹ̀ títí di ọdún 1981, máàkì rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 200 dé 800. Lẹ́yìn náà ni ó di 10 sí 48. Láti oṣù Kẹfà ọdún 1991 ni a ti ń lo 120 sí 180 tí a mọ̀ lónìí.

Orí ìwé ni a ti ń ṣe ìdánwò náà fún ohun tí ó lé ní àádọ́rin ọdún. Ní ọdún 2019 ni ó bọ́ sórí ẹ̀rọ alágbèéká ní gbọ̀ngàn ìdánwò. Nígbà tí àrùn Kòrónà bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 2020, LSAC gbé e wọ inú ilé àwọn olùdíje, níbi tí alámòójútó ti ń ṣọ́ wọn láti ọ̀nà jíjìn nípasẹ̀ kámẹ́rà kọ̀ǹpútà. Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2023, olùdíje bẹ̀rẹ̀ sí í yàn bóyá ilé ni òun yóò ti ṣe é tàbí gbọ̀ngàn.

Ìgbáradì onísanwó náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní ọdún 1938, Stanley Kaplan bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé àwọn òbí rẹ̀ ní Brooklyn, ní ìlú New York, kí wọ́n lè yege nínú ìdánwò. Ilé-iṣẹ́ ńlá tí ó ń múra àwọn ènìyàn sílẹ̀ fún onírúurú ìdánwò, títí kan LSAT, ni ó hù jáde láti inú iṣẹ́ kékeré yìí. Fún ìgbà pípẹ́, kíláàsì ìrọ̀lẹ́ ní ìlú ńlá, ìwé atọ́nà àti ìwé àkójọ ìdánwò àtijọ́ ni olùdíje ní. Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì yá sí i, àwọn olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹ̀kọ́ wọn jáde ní fídíò. Àwọn ilé-iṣẹ́ bíi 7Sage sì dìde tí ó jẹ́ pé orí ayélujára ni iṣẹ́ wọn ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 2018, LSAC àti Khan Academy gbé ẹ̀kọ́ LSAT ọ̀fẹ́ jáde. Lónìí, LawHub, tí ó jẹ́ ti LSAC fúnra rẹ̀, ni ibùdó tí olùdíje ti ń rí àwọn ìdánwò àtijọ́ ní ìrísí kan náà tí yóò bá pàdé lọ́jọ́ ìdánwò.

Ìlànà ìdánwò

Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2024, abala mẹ́rin ni ó wà nínú LSAT, ìṣẹ́jú 35 sì ni ti ọ̀kọ̀ọ̀kan. Méjì jẹ́ abala ìrònú, ọ̀kan jẹ́ àkàyé. Ẹ̀kẹrin lè jẹ́ ti ìrònú tàbí ti àkàyé, ṣùgbọ́n a kì í ka máàkì rẹ̀, nítorí pé LSAC ń fi í dán àwọn ìbéèrè tuntun wò. Olùdíje kì í mọ èwo ni abala yìí, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ fi gbogbo agbára ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìsinmi ìṣẹ́jú mẹ́wàá wà láàárín abala kejì àti ẹ̀kẹta.

A kì í yọ máàkì fún ìdáhùn tí kò tọ̀nà, nítorí náà kò yẹ kí olùdíje fi ìbéèrè kankan sílẹ̀ láìdáhùn. Iye ìbéèrè tí ó gbà ni a ń yí padà sí máàkì láàárín 120 àti 180. Ẹni tí ó bá gba nǹkan bí 151 sí 153 wà ní agbedeméjì gbogbo àwọn olùdíje. Ìgbà márùn-ún ni ènìyàn lè ṣe é láàárín sáà tí èsì rẹ̀ ṣì wúlò, kò sì lè ju ìgbà méje lọ ní gbogbo ayé rẹ̀.

Àròkọ alárìíyànjiyàn kan tún wà tí olùdíje máa ń kọ lọ́tọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Ìṣẹ́jú 15 ni ó ní láti ronú, ó sì ní ìṣẹ́jú 35 láti kọ ọ́. A kì í fún un ní máàkì, ṣùgbọ́n àwọn ilé-ẹ̀kọ́ lè kà á.

Ohun tí ẹ̀kọ́ náà ń kọ́ni

Abala ìrònú

Ìbéèrè bíi 25 ni ó máa ń wà nínú abala ìrònú kan, èyí tí ó fi hàn pé ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ kò pé fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Ìpínrọ̀ kúkúrú kan ni a óò fún olùdíje, ìbéèrè kan yóò tẹ̀lé e, ìdáhùn márùn-ún yóò sì wà tí yóò ti mú ẹyọ kan. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ̀kọ́ orí ayélujára máa ń kọ́ni ni láti ya ẹ̀rí sọ́tọ̀ kúrò lára àbájáde. Ẹ̀rí ni ohun tí oníjiyàn fi ń ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn, àbájáde sì ni ohun tí ó fẹ́ kí a gbà.

A lè wo àpẹẹrẹ yìí: ìjọba ìlú kan gbé iná sí gbogbo òpópónà ní ọdún tó kọjá. Láti ìgbà náà ni olè jíjà ti dínkù. Nítorí náà, iná òpópónà ni ó lé àwọn olè lọ. Àbájáde rẹ̀ dà bí òótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀rí sọ kò ju pé nǹkan méjì ṣẹlẹ̀ ní àkókò kan náà. Bí ìbéèrè bá ní kí a mú ohun tí yóò sọ ìjiyàn náà di aláìlágbára, ìdáhùn tí ó tọ̀nà lè jẹ́ pé olè jíjà dínkù lọ́nà kan náà ní ìlú itòsí tí kò gbé iná kankan. Ìdáhùn tí ó sọ pé iná náà wọ́n púpọ̀ lè jẹ́ òótọ́, síbẹ̀ kò kan ìjiyàn náà rárá. Irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ ni ó máa ń mú ẹni tí kò tíì gbára dì, torí pé ó ń wá ohun tí ó jẹ́ òótọ́ dípò ohun tí ìbéèrè bèèrè.

Ohun kejì ni àwọn gbólóhùn tí ó ń so nǹkan kan mọ́ òmíràn, irú èyí tí Yorùbá ń fi «bí … bá», «àyàfi bí» àti «gbogbo» sọ. Bí a bá sọ pé bí ẹran kan bá jẹ́ ewúrẹ́, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni, a lè fi ìdánilójú sọ pé ẹran tí kì í ṣe ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kì í ṣe ewúrẹ́. A kò lè sọ pé gbogbo ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni ewúrẹ́. Kò sí ẹni tí yóò ṣi èyí mú, nítorí pé gbogbo ènìyàn ló mọ màlúù àti ajá. Ìṣòro bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bá ṣàjèjì: ilé aṣòfin kò lè fọwọ́ sí òfin kankan àyàfi bí ìgbìmọ̀ bá ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀pọ̀ yóò gbà láti inú èyí pé òfin tí ìgbìmọ̀ bá ti yẹ̀ wò, a óò fọwọ́ sí i. Àṣìṣe ti ewúrẹ́ àti ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin náà ni, ó kàn gbé agbádá wọ̀ ni. Ẹ̀kọ́ tí ó dára máa ń fi àwọn ìbéèrè tí ìrísí wọn jọra sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, títí akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi dá egungun ìjiyàn mọ̀ lábẹ́ aṣọ tí ó wọ̀.

Olùdíje tún ní láti mọ ìtumọ̀ tí ìdánwò fún àwọn ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, ẹni tí ó bá sọ pé àwọn kan wá ń jẹ́ kí a rò pé kì í ṣe gbogbo wọn ni ó wá. Nínú LSAT, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó dúró fún «àwọn kan» kò sọ ju pé ó kéré tán ọ̀kan wá, ó sì ṣeé ṣe kí gbogbo wọn ti wá.

Ohun kẹta ni ohun tí oníjiyàn gbà láìsọ ọ́ jáde. Bí ẹnì kan bá sọ pé kíkọ́ pápá ìṣeré yóò sọ ìlú di ọlọ́rọ̀ nítorí pé àlejò yóò máa wá wòran, ó ti gbà ní ọkàn rẹ̀ pé àwọn àlejò náà yóò náwó ní ìlú. Ọ̀nà tí a fi ń dán èyí wò ni láti yí i padà: bí àlejò kò bá ná kọ́bọ̀, ǹjẹ́ ìjiyàn náà ṣì dúró? Bí ó bá wó, a ti rí òpó tí ó gbé e ró.

Abala àkàyé

Àyọkà mẹ́rin ni ó wà nínú abala àkàyé, ìbéèrè bíi 27 ni ó sì ń tẹ̀lé wọn. Wọ́n máa ń wá láti inú ìmọ̀ òfin, ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ àwùjọ, àti iṣẹ́ ọnà. Láti ọdún 2007, ọ̀kan nínú wọn ti máa ń jẹ́ àyọkà kúkúrú méjì tí olùdíje yóò fi wé ara wọn. Kò sí ohun tí a ń bèèrè tí kò sí nínú àyọkà, nítorí náà ìmọ̀ tí olùdíje ti ní tẹ́lẹ̀ nípa kókó náà lè ṣì í lọ́nà. Àwọn olùkọ́ sábà máa ń gbà á níyànjú pé kí ó dúró ní òpin ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ó sọ ọ́ fún ara rẹ̀ ní gbólóhùn kan, kí ó sì mọ ohun tí òǹkọ̀wé gbà gbọ́ yàtọ̀ sí ohun tí ó kàn ń ròyìn. Ọ̀pọ̀ olùdíje ni ó sọ pé abala yìí ni ó ṣòro jù láti tẹ̀ síwájú nínú rẹ̀, nítorí pé àṣà ìwé kíkà ọlọ́dún púpọ̀ ni ó ń wọ̀n.

Bí ẹ̀kọ́ náà ṣe ń lọ

Ẹ̀kọ́ orí ayélujára sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdánwò ìwádìí kan tí olùdíje yóò ṣe láìkọ́ nǹkan kan, kí a lè mọ ibi tí ó dúró sí. Lẹ́yìn náà ni fídíò àti ìwé àlàyé, ìdánrawò lórí irú ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, abala kan ṣoṣo pẹ̀lú aago, àti níkẹyìn ìdánwò odindi. Ẹ̀rọ a máa ṣe àkójọ iye àkókò tí ó lò lórí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan àti irú èyí tí ó ń kùnà. Àwọn ẹ̀kọ́ kan ní kíláàsì ojúkojú lórí fídíò, níbi tí olùkọ́ ti ń dáhùn ìbéèrè. Àwọn mìíràn wà fún ẹni tí ó fẹ́ dá kẹ́kọ̀ọ́ ní àkókò tí ó bá wù ú.

Oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà ni a sábà máa ń dámọ̀ràn. Ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ lè nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. A máa ń ṣe ìdánwò náà ní nǹkan bí ìgbà mẹ́jọ lọ́dún, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ sì máa ń gba ìwé ìbéèrè fún ìgbàwọlé láti oṣù Kẹsàn-án, tí wọ́n ń yàn bí wọ́n ti ń rí i. Ẹni tí ó bá tètè dé a máa bá àyè púpọ̀ àti owó ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ púpọ̀ nílẹ̀.

Àyẹ̀wò àṣìṣe

Ìdánwò àtijọ́ tí LSAC gbé jáde níye, nítorí náà ẹni tí ó bá ń ṣe wọ́n lọ láìyẹ̀ wọ́n wò ń fi ohun tí kò rọrùn láti rí ṣòfò. Ọ̀nà kan tí 7Sage sọ di gbajúmọ̀ ni àtúnyẹ̀wò láìwo ìdáhùn. Nígbà tí aago bá ń ṣiṣẹ́, olùdíje yóò sàmì sí gbogbo ìbéèrè tí kò dá a lójú. Bí àkókò bá pé, kò ní wo èsì. Yóò padà sí àwọn ìbéèrè tí ó sàmì sí, yóò tún wọn ṣe láìsí aago, yóò sì kọ ìdí tí ó fi mú ọ̀kan àti ìdí tí ó fi kọ mẹ́rin sílẹ̀. Ẹ̀yìn èyí ni yóò tó wo ìdáhùn.

Èrè ọ̀nà yìí ni pé ó ń ya oríṣi àṣìṣe méjì sọ́tọ̀. Ìbéèrè tí olùdíje kùnà pẹ̀lú aago ṣùgbọ́n tí ó gbà láìsí aago ń fi hàn pé ó mọ ọ̀nà, ìyára ni ó kù. Èyí tí ó kùnà nígbà méjèèjì ń fi hàn pé òye náà kò tíì dé. Ìwòsàn wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ sì ni máàkì nìkan kò lè fi ìyàtọ̀ wọn hàn. Ọ̀pọ̀ olùdíje tún máa ń ní ìwé àṣìṣe tí wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ sí ní èdè ara wọn. Kò sí fídíò tí ó lè ṣe iṣẹ́ yìí fún ènìyàn: wíwo bí olùkọ́ ṣe ń tú ìbéèrè lè mú kí akẹ́kọ̀ọ́ rò pé òun náà ti mọ̀ ọ́n.

Owó àti ìrànwọ́

Owó ìdánwò LSAT nìkan ju 200 dọ́là lọ, olùdíje yóò sì tún sanwó fún ìfiránṣẹ́ ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀kọ́ orí ayélujára lè jẹ́ owó kékeré tí a ń san lóṣooṣù, ó sì lè tó ẹgbẹ̀rún dọ́là àti jù bẹ́ẹ̀ lọ bí olùkọ́ àdáni bá wà nínú rẹ̀. LawHub ní apá ọ̀fẹ́ tí ó ní ìdánwò díẹ̀, ó sì ní apá olówó ọlọ́dọọdún tí ó ní ìdánwò tí ó lé ní àádọ́ta. LSAC a máa dárí owó ji olùdíje tí kò ní lọ́wọ́ bí ó bá fi ẹ̀rí hàn. Àwọn ilé-iṣẹ́ ẹ̀kọ́ kan sì máa ń dín owó tiwọn kù gan-an fún ẹni tí LSAC bá ti ṣe èyí fún.

Àríyànjiyàn

Àwọn aláàbọ̀ ara ti gbé LSAC lọ sí ilé-ẹjọ́ ju ìgbà kan lọ. Ní ọdún 2014, àjọ náà gbà láti san 7.73 mílíọ̀nù dọ́là, ó sì dẹ́kun sísàmì sí èsì àwọn tí ó gba àkókò àfikún. Ní ọdún 2019, ó bá àwọn afọ́jú tí ó pè é lẹ́jọ́ yanjú ọ̀rọ̀ abala eré ìrònú, èyí tí ọ̀pọ̀ olùdíje ń ya àwòrán kí wọ́n tó lè ṣe. Èso àdéhùn náà ni pé a yọ abala yìí kúrò pátápátá ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024. Lójijì ni ẹ̀kọ́ tí àwọn ilé-iṣẹ́ ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣètò lórí rẹ̀ di ohun àtijọ́.

Àwọn alátakò sọ pé ìdánwò náà ń ṣe ojúsàájú fún ẹni tí ó ní owó àti àkókò, wọ́n sì tọ́ka sí àlàfo tí ó wà láàárín máàkì àwọn adúláwọ̀ àti ti àwọn aláwọ̀ funfun. Àwọn alátìlẹ́yìn sọ pé ó bá èsì ọdún àkọ́kọ́ mu ju ohun mìíràn lọ, àti pé ó ń fún ọmọ tí ó ti yunifásítì tí kò lórúkọ jáde ní àǹfààní láti fi ara rẹ̀ hàn. Láti ọdún 2016, tí ilé-ẹ̀kọ́ òfin Yunifásítì Arizona bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìdánwò GRE dípò rẹ̀, àwọn mìíràn ti tẹ̀lé e. Ní oṣù Kejì ọdún 2023, àwọn aṣojú American Bar Association kọ àbá tí ì bá mú kí ilé-ẹ̀kọ́ lè gba ènìyàn láìsí ìdánwò kankan.

Ẹ̀kọ́ orí ayélujára wà láàárín àríyànjiyàn yìí. Bí LSAT bá jẹ́ ohun tí a lè kọ́, ẹni tí ó rí ẹ̀kọ́ náà rà ní àǹfààní ju ẹni tí kò rí i rà lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ àti èyí tí owó rẹ̀ kéré ti ń pọ̀ sí i, àlàfo tí ó ṣòro jù láti dí ti kúrò ní ti owó ẹ̀kọ́ nìkan. Ó ti di ti àkókò, nítorí pé ìdánwò odindi kan àti àyẹ̀wò rẹ̀ lè gba ọjọ́ kan gbáko lọ́wọ́ ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́.